Ọjọ́ Tí Kábíyèsí Kan Ilẹ̀kùn Wa

Ọdún ìdìbò tí ó kẹ́yìn kí àwọn ológun tó tún padà gba ìjọba ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní àsìkò tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ìlú wa wà lójú ọ̀nà tó lọ láti Ọ̀sì sí Ìlọ́fà, kò sì tóbi: awakọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín nígbà tó dé ilé ìwé wa lè má tíì sín tán kó tó kọjá ọjà. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Àwọn tí mo ń bá wí mọ ara wọn, àwọn yòókù kò sì nílò orúkọ kí wọ́n tó kọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ni mo ń kọ ọ́ fún. Nígbà tí ẹ pè mí síbi ìpàdé yín, ọ̀kan nínú yín bi mí pé, "Màmá, ìbọn mélòó ni àwọn jàǹdùkú yìn kí wọ́n tó lè lé èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí àpótí ìbò?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn báyìí. Wọn kò yin ọ̀kankan. Kò sí ẹni tó lé wa. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó la ẹnu bá wa sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan ló ṣí fìlà lórí.

Ìmọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni mo kọ́ ní yunifásítì kí n tó padà sílé wá máa kọ́ ọmọ ní ilé ìwé girama. Mo mọ̀ láti inú ìwé pé èrò púpọ̀ kì í gbé láìní ìròyìn. Bí o kò bá fún wọn ní òótọ́ ní kíákíá, wọ́n á fi ẹnu ara wọn dá tiwọn sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ wa yàn mí ṣe aṣojú níbi ìdìbò, mo ní èyí tí wọ́n ṣe fún wa nígbà ìdìbò tó ṣáájú kò ní tún ṣẹlẹ̀. Nígbà yẹn, a dìbò tán, a lọ sílé lọ jẹun, àpótí sì dàwátì. Lọ́tẹ̀ yìí, èrò ni yóò ṣọ́ àpótí. A ó jókòó sórí pápá ilé ìwé láti ìgbà tí a bá dìbò tán títí wọn yóò fi ka ìbò, títí alákòóso ìdìbò yóò fi kọ èsì sórí fọ́ọ̀mù, tí èmi yóò fi fọwọ́ sí i, tí yóò sì fún mi ní ẹ̀dà kan. Fọ́ọ̀mù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti wọ ọwọ́ mi, kò sí ẹni tó lè fi ìlú wa ṣe ìṣirò tó wù ú mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ àwọn ará ìlú. Mo yan Bàbá Kátíkíìsì, arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì ní ìjọ Àǹgílíkà, pé ẹnu rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n ti gba ìròyìn. Mo yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan fún un. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ní òun gbọ́ nǹkan, kó wá sọ ọ́ fún èmi tàbí Bàbá, kó má sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì í. A máa ń dán an wò ní ìrọ̀lẹ́.

"Bí ẹ bá gbọ́ ìró ìbọn ńkọ́?"

"A ó jókòó!"

"Bí ọlọ́pàá bá ní kí ẹ dìde ńkọ́?"

"A ó jókòó!"

"Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì ẹlẹ́ran wá ńkọ́?"

"A ó jókòó jẹ ẹ́!" Ìyá kan tí ń ta epo ló sọ bẹ́ẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Bàbá Kátíkíìsì. Bàbá ní, "Ìyá Elépo, ẹ̀yin ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ẹran tàn." Ìyá náà ní, "Kí wọ́n ṣáà gbé e wá ná."

Gbogbo ewu tí mo lè ronú kàn ni mo fi kọ́ wọn: ìbọn, òjò, ọlọ́pàá, ìjà, àìsàn òjijì, kódà kí ẹnì kan pariwo ejò. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò fi kọ́ wọn, nítorí kò sí ẹni tó lè fi í dánra wò ní ìlú wa.

Kábíyèsí ń ṣàìsàn. Gbogbo wa mọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn kò jáde sí gbangba. Ní ìlú wa, a kì í sọ pé ọba wàjà, a kì í sì í kéde rẹ̀. Olóyè tó tẹ̀lé ọba, tí à ń pè ní Ẹ̀sà, ni yóò jáde láti ààfin. Yóò ṣí fìlà, yóò mú un ní ọwọ́ òsì, yóò sì rìn la ìlú já lọ sí ilé ara rẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rí i yóò dákẹ́, yóò wọlé, yóò da omi síná, yóò ti ilẹ̀kùn, ó di ọjọ́ kejì. Kò gbọdọ̀ béèrè. Láyé àtijọ́, wọ́n ní ẹni tí ó bá wà níta lákòókò yẹn ni ọba ń mú dání lọ. Wọ́n ní ọba fúnra rẹ̀ á máa rìn kiri ìlú kí ó tó lọ pátápátá, á máa pe ènìyàn lórúkọ, ẹni tó bá sì jẹ́ ẹ ti tẹ̀lé e nìyẹn. A jẹ́ ọmọ ìjọ, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan nínú wa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí ní ìjọ Àládùrà. Kò sí ẹni tó gba ìtàn yìí gbọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ ìdìbò pé, òjò kò rọ̀. Àwọn ọmọ ìlú ti ti Kàdúná àti Èkó wálé. Ìdìbò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọ̀sán, alákòóso ìdìbò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n rán wá láti òkèèrè, gbé tábìlì sí abẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó tú àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbò sókè. Ọlọ́pàá méjì dúró tì í, àwọn náà kì í ṣe ará ibí. Àwa, gbogbo ìlú, jókòó sórí koríko. Ó ń kà, Bàbá Kátíkíìsì ń fi ẹ̀rọ tún un sọ, èrò ń hó. Mo wo ojú wọn, mo sì rò ó lọ́kàn ara mi pé, èmi nìyí, mo ti kọ́ odindi ìlú bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Ìró èrò ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, kì í ṣe Ẹ̀sà. Ẹ̀yìn mi ni ọ̀nà ààfin wà. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti apá ibẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni, bí ìgbà tí òjò bá ń dá láti ìpẹ̀kun oko bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín gé ẹ̀rín. Ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ kò parí orúkọ. Ìdákẹ́jẹ́ náà rìn la pápá kọjá, ó kọjá lára mi, mo mọ̀ ọ́n lára bí atẹ́gùn. Nígbà tí mo yíjú, mo rí Ẹ̀sà. Orí rẹ̀ tó pá ń dán nínú oòrùn. Fìlà wà ní ọwọ́ òsì. Ó ń rìn ní etí pápá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, kò yára, kò sì falẹ̀.

Nínú ìwé tí mo kà, èrò tí ẹ̀rù bá bà máa ń sáré, á máa tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìró ni wọ́n kọ́ mi láti máa retí. Kò sí ẹni tó sáré lọ́jọ́ náà. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn koríko kúrò lára aṣọ wọn. Àwọn ìyá fi ọwọ́ bo ọmọ wọn lẹ́nu, wọ́n sì ń lọ, ìlà lẹ́yìn ìlà, bí ìgbà tí ìsìn bá parí, láìsí ohùn kankan, láìsí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì. Ìyá Elépo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo di apá rẹ̀ mú. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó sì rọra yọ apá rẹ̀ kúrò.

Ẹ wò ó, kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ iṣu kan tán. Pápá ṣófo. Bàtà wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, rédíò kékeré kan tí ẹnì kan gbàgbé ń sọ̀rọ̀ lórí koríko fún ara rẹ̀. Ewúrẹ́ kan gun orí bẹ́ǹṣì. Alákòóso ìdìbò kò tíì gbójú sókè. Ó ń ka ìbò lọ sókè, "Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta... márùndínláàádọ́rin..." títí tó fi ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó ń tún un sọ mọ́. Ó gbójú sókè. Ó dìde.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Níbo ni wọ́n lọ?"

Mo ṣì ń wo ẹ̀yìn Ẹ̀sà.

"Madam, mo ní níbo ni wọ́n lọ? Kí ni wọ́n rí?"

Bàbá Kátíkíìsì ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́, ó ti ń lọ sílé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó yé yín dáadáa, torí pé mo fẹ́ ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀, tèmi náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi. Ìlú kò tíì dé ilé tán. Ohun tó kù kí n sọ kò ju pé, "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí ààfin lọ béèrè." Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Mo gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu. Mo gbọ́ èémí ara mi tó jáde láti inú rẹ̀, tó sì tàn ká pápá, hùùù, bí èémí ẹranko ńlá kan. Ọ̀rọ̀ kò tẹ̀lé e.

Ìyá mi ló wá mú mi. Ó ti dé ilé, ó padà. Ó fa ọwọ́ mi láìsọ̀rọ̀ títí a fi kúrò lójú àwọn àlejò yẹn, kó tó sọ ọ́ sí mi létí ní èdè wa, "Ulé! Ulé, Mojí! O ò ríran ni?"

Mo tẹ̀lé e lọ sílé. Mo fi àpótí sílẹ̀.

Ìyá mi da omi síná. Iṣu wà lórí rẹ̀, kò tíì jinná. A ti ilẹ̀kùn, a ti fèrèsé onípákó, a jókòó sílẹ̀ nínú èéfín. Oòrùn ṣì ń ràn níta. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ibi tí pákó ti là wọlé, ó tò sórí ògiri bí ìka ọwọ́. Mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní ọ̀sán gangan. Ẹyẹ dákẹ́. Kò sí odó, kò sí ọmọ tó ń ké. Odindi ìlú ń mí nínú ilé.

Bóyá ìdajì wákàtí ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ọ̀pá tó ń kan ilẹ̀.

Kò, kò, kò. Ó dúró. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ilé kejì sí tiwa. Ohùn kan sì pe baálé ilé náà lórúkọ.

Ìyá mi gbá mi mú. Mo mọ ohùn náà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń súre fún wa lọ́dọọdún lójú ọjà. Ohùn Kábíyèsí ni.

"Ẹ jáde o! Ẹ padà sí ilé ìwé! Wọ́n ń bọ̀ wá kó àpótí yín!"

Ọ̀pá tún kan ilẹ̀. Ó sún mọ́ wa. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ń pe onílé lórúkọ. Kò sí ilé tó dáhùn. Nígbà tí wọ́n dé tiwa, mo rí òjìji tó bo ìmọ́lẹ̀ orí ògiri.

"Ìyá Mojí! Ṣé ẹ wà nílé?"

Ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi. Mo gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ní ẹ̀yìn mi.

"Tíṣà! Tíṣà, ìwọ ni mo wá bá! Ọkọ̀ ń bọ̀ láti kó àpótí. Ẹ̀sà ló sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀. Jáde wá, pe àwọn èèyàn rẹ!"

Wọ́n wú ikọ́. Ó pẹ́ kí ikọ́ náà tó dá, ikọ́ ẹni tí àyà ń dùn. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ní ohùn kékeré, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ṣé èmi nìkan ló kù ní ìlú yìí ni?"

Mo gboyè ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé òkú kì í wúkọ́. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn gan-an, níbi tí mo jókòó sí, mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé òkú kì í wúkọ́. Bí ìyá mi bá gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu mi, mi ò ní dáhùn. Òjìji kúrò lórí ògiri.

Mo fi ojú sí ibi tí pákó ti là. Wọ́n wọ aṣọ ilé, wọ́n ṣí orí sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn lásán. Wọ́n fẹ́ dá lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé àárín ọjà, agbára tán, wọ́n jókòó sórí òkúta tí àwọn obìnrin máa ń gbé ẹrù sí. Ọba jókòó sí àárín ọjà tó ṣófo, ní ọ̀sán gangan. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan wọ̀lú láti ìhà Ìlọ́fà. Ó gba iwájú wọn kọjá. Wọ́n gbé ọ̀pá sókè, wọ́n nà án sí i pé kó dúró. Kò dúró. Mo gbọ́ ọ nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì ní ilé ìwé. Mo gbọ́ ọ nígbà tó tún ṣáná sí i. Ó padà kọjá, alákòóso ìdìbò jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ojú rẹ̀ kọ sí iwájú gbọnrangandan. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọkọ̀ náà. Kò sí ilẹ̀kùn tó dún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ìyàwó ààfin ń gbá àgbàlá bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́. Olorì ránṣẹ́ sí ọjà kí wọ́n wá ta ata fún wọn, wọ́n ní Kábíyèsí fẹ́ mu ọbẹ̀ tó gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀. Kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó dúpẹ́. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ìtàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ẹnì kan ní kí Ẹ̀sà tó jáde ni òun ti gbọ́ ẹkún láti ààfin. Òmíràn ní òun rí àwọn Olorì tí wọ́n tú irun. Ó tó ọdún méjì tí èmi náà ń rántí ẹkún yẹn, mo lè sọ ibi tí ó ti wá àti bí ó ṣe dún. Kò sí ẹkún. Mo ti béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà láàfin lọ́jọ́ náà. Àwa la ṣe ẹkún náà lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kí ìwà wa lè ní ìdí.

Mo lọ bá Ẹ̀sà nílé rẹ̀. Ó ń jẹ àsáró.

"Ẹ̀sà, kí lẹ ṣe fún wa?"

"Kí ni mo ṣe? Jókòó kí o bá mi jẹun."

"Ẹ ṣí fìlà."

"Oòrùn mú, Tíṣà. Orí ń yún mi." Ó bu ẹyọ kan sẹ́nu. "Ṣé mo sọ nǹkan kan ni? Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ wá fi òfin hàn mí tó ní kí n má họ orí mi."

Èsì jáde lórí rédíò. Ẹgbẹ́ tó wà nípò ló borí ní ìlú wa, ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni tó wà ní pápá yẹn kò lè gbà. Agbẹjọ́rò wa bá wa rí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gbé e jáde. Ní ibi tó yẹ kí n fọwọ́ sí, wọ́n tẹ àtàǹpàkò. Èmi tí mo fi kálàmù gboyè ní yunifásítì, wọ́n ní mo tẹ̀ka bí ẹni tí kò mọ ìwé! Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn nìkan ló mú mi sunkún. Wọn kò tilẹ̀ kà mí sí tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n jí orúkọ mi kọ dáadáa.

A pe ẹjọ́. Agbẹjọ́rò wa ní nǹkan kan ló máa gbé ẹjọ́ náà dúró: ẹ̀rí pé wọ́n ti pète ọkọ̀ yẹn kí ó tó dé. Ẹ̀rí yẹn sì wà. Ẹ̀sà ti lọ bá Kábíyèsí lórí ibùsùn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sọ fún wọn pé ọkọ̀ ń bọ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ tú èrò ká. Kábíyèsí kọ̀. Wọ́n ní, "Ojú mi kọ́ lẹ ó ti ja ìlú mi lólè." Ẹ̀sà bá jáde, ó sì ṣí fìlà. Kábíyèsí kò lè dìde mọ́ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ yẹn, wọn kò lè dé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n èmi gbọ́ ìkìlọ̀ wọn. Bí mo bá lè jẹ́rìí pé ọba kan ilẹ̀kùn mi kí ọkọ̀ tó dé, tó sọ ohun tó ń bọ̀ àti ẹni tó sọ ọ́ fún wọn, àwọn adájọ́ yóò rán ènìyàn sí ààfin lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Olorì wá bá mi. Ó ní, "Kábíyèsí ní kí o sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ní àwọn ni ìlú pa láìkú, àwọn sì ni wọ́n ní kí o sọ ọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, àwọn àgbà wá bá ìyá mi. Wọn kò halẹ̀. Wọ́n ní bí ìlú mìíràn bá gbọ́ pé ọba wa tó wà láàyè pè wá, tí a ń pè é ní òkú, tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ojú wo la ó fi jáde lọ sí ọjà Ọ̀sì? Nígbà tí wọ́n lọ, ìyá mi ní, "Mojí, ìwọ lè kó lọ sí ìlú òyìnbó lọ́la. Èmi, ibí ni wọn yóò sin mí sí."

Àwọn ará ìlú kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta ní ilé ẹjọ́. Agbẹjọ́rò wa dìde, ó rẹ́rìn-ín sí mi, torí ó rò pé òun mọ ohun tí n óò sọ.

"Arábìnrin, kí ọkọ̀ náà tó dé, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún yín?"

Mo gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ìdákẹ́jẹ́ kan náà. Ẹni tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ dá a dúró. Ó bọ́ sí bẹ́ǹṣì kejì. Ìyá Elépo wà níbẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀. Ó dé iwájú, ó sì bò mí mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Rárá. Kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún wa."

Ẹ̀rín kúrò lójú agbẹjọ́rò. Ẹjọ́ náà kú níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Kí la jèrè? Kí ọdún náà tó tán, sójà dé, wọ́n lé ẹni tó jókòó sórí ìbò wa kúrò. Àwọn kan ní Ọlọ́run ti dájọ́. Mi ò gbà. Olè tó gba ẹrù lọ́wọ́ olè kò tíì dá ẹrù padà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n tún máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ nìyẹn pẹ̀lú. Òtítọ́ kì í rìn fúnra rẹ̀; ẹnì kan ní láti ṣílẹ̀kùn fún un.

Kí la sọ nù? Kábíyèsí wàjà ní ìgbà ọyẹ́ ọdún kan náà. Wọn kò tún pe ẹnikẹ́ni lórúkọ láti ọjọ́ yẹn. Olorì ní bí wọ́n bá gbọ́ pé ènìyàn wá kí wọn, wọn á ní, "Sọ fún un pé mi ò sí nílé."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó èrò jọ kò pọ̀. Kí ẹ tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jókòó nígbà ìbọn, ẹ wádìí ohun tí wọn kò gbọdọ̀ béèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀tá yóò gbà wọlé. Kí ẹ sì yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó béèrè rẹ̀, ẹni tí ẹ ti dárí jì ṣáájú.

Àwọn tó jẹ ìlú yìí ní gbèsè: Ẹ̀sà tó fi òkú ọba alààyè ṣe òwò, alákòóso ìdìbò tó gbé àpótí wọ ọkọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, ẹni tó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí orúkọ mi, ẹni tí mi ò mọ̀ títí dòní. Èmi náà ń jẹ. Mo búra lórí Bíbélì, mo sì parọ́. Àwọn adájọ́ yẹn ti túká, ìyá mi sì ti wà nínú ilẹ̀ tó ní wọn yóò sin òun sí. Ìbéèrè náà ṣì wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ìdáhùn mi lábẹ́ rẹ̀. Mo ń yí i padà níbí, lọ́dọ̀ yín.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan kìlọ̀ fún wa. Ọba wa ni. Wọ́n ń ṣàìsàn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà, wọ́n sì sọ òótọ́ gbogbo. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo wà nílé.